Ẹjọ́ Amúgbóná: Ọ̀rọ̀ Lórí Sẹ́ńsọ̀ Ọ́síjìn Inú Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òun ni àgbà òṣìkà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ó wà láàrin ènìyàn sí ènìyàn ni àwọn baba wa fi òwe yìí pa, ó bá ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ibi tí a ti ń tún ọkọ̀ ṣe lóde òní mu régí. Iná kékeré kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tí ó pọ́n a tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì a ka nọ́ńbà kan jáde láti inú ẹ̀rọ rẹ̀, a sì dá ẹ̀bi fún ẹ̀yà ọkọ̀ kan lójú ẹsẹ̀. A ra òmíràn, a fi rọ́pò rẹ̀, owó a lọ. Ní ọjọ́ kẹta, iná náà a tún tàn. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ní alẹ́ òní ni ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ tí a sábà máa ń dá báyìí láì gbọ́ tẹnu gbogbo ẹlẹ́rìí, èyíinì ni àléébù amúgbóná sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, irú ẹni tí ó pọ̀ láàrin wa. Ìlú Ìbàdàn ni olùkọ́ yìí ń gbé. Ọkọ̀ tọkunbọ̀ ni ó ń gbé lọ sí ẹnu iṣẹ́ ní òròòwúrọ̀, ìrìn náà kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ní ọjọ́ Ajé kan, iná tí a ń pè ní ṣẹ́ẹ̀kì-ẹ́ńjìnnì tàn. Ọkọ̀ kò kọ̀ láti ṣí, kò gbọ̀n, kò sì pariwo. Olùkọ́ fi ojú fo iná náà dá. Ṣùgbọ́n kí oṣù tó parí, ó ṣe àkíyèsí pé epo tí ó máa ń tó òun lò fún ọ̀sẹ̀ kan kì í dé ọjọ́ Ẹtì mọ́.

Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí ó gbé ọkọ̀ lọ bá so ẹ̀rọ ìṣàyẹ̀wò mọ́ ọn, ó rí nọ́ńbà P0135, ó sì wí pé sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ti kú. Owó tí olùkọ́ ti tọ́jú pamọ́ fún ìdánwò àṣejáde ọmọ rẹ̀ ni ó fi ra àlòkù sẹ́ńsọ̀ kan, irú èyí tí àwọn tí ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù. Wọ́n fi í rọ́pò èyí tí ó wà níbẹ̀, wọ́n sì pa nọ́ńbà náà rẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, iná ti tún tàn. Ẹni kejì tí ó gbé ọkọ̀ lọ bá kò tilẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì rárá. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun yọ gílóòbù iná náà kúrò lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ọkàn ọlọ́kọ̀ lè balẹ̀. Olùkọ́ kọ̀. Ó mọ̀ pé bí a bá fi ọwọ́ bo ẹnu ẹni tí ń ké ìrora, a kò tíì wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn.

Kí a tó lè mọ ibi tí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ti ṣìnà, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ yìí ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì kò lè jó epo bẹntiróòlù láìsí afẹ́fẹ́. Kí epo kìlógíráàmù 1 tó lè jóná tán pátápátá, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó tó kìlógíráàmù 14.7. Bí epo bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan rẹ̀ yóò gba inú sàlẹ́ńsà jáde láì jó tán, owó a sì di èéfín. Bí afẹ́fẹ́ ni ó bá pọ̀ jù, iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì lè máa ṣe ségesège, èéfín rẹ̀ a sì ní oró mìíràn nínú. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ni ó dúró ní ojú ọ̀nà èéfín, tí ó ń tọ́ ọ wò bí ìyàwó ilé ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò lórí iná. Òun ni ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì, bóyá kí ó dín epo kù tàbí kí ó fi kún un.

Irú amọ̀ sísun kan tí a ń pè ní zirconia ni a fi ṣe ojúlówó sẹ́ńsọ̀ yìí, a sì fi plátínọ́ọ̀mù tín-ín-rín bò ó nínú àti lóde. Afẹ́fẹ́ ìta wà ní inú rẹ̀, èéfín ẹ́ńjìnnì sì ń kan òde rẹ̀. Nígbà tí ọ́síjìn inú èéfín bá kéré gan-an sí ti ìta, amọ̀ yìí yóò mú iná díẹ̀ jáde, tí ó lè tó fóltì 0.9. Nígbà tí ọ́síjìn bá pọ̀ nínú èéfín, iná náà yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi fóltì 0.1. Lílọ sókè àti wíwá sílẹ̀ yìí ni èdè tí ó fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n amọ̀ náà ní ìwà kan: bí ó bá tutù, odi ni. Kò lè fọhùn títí yóò fi gbóná tó nǹkan bíi 300°C. Ní ọdún 1976 tí ilé-iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì gbé irú sẹ́ńsọ̀ yìí jáde, tí ilé-iṣẹ́ Volvo sì kọ́kọ́ fi í sínú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, ooru èéfín nìkan ni sẹ́ńsọ̀ ń dúró dè. Ní ọdún 1982 ni Bosch gbé èyí tí ó ní amúgbóná tirẹ̀ jáde. Ọ̀pá tín-ín-rín kan tí ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù oníná ni ó wà ní àárín rẹ̀. Bí a bá ti ṣí ẹ́ńjìnnì, iná bátìrì a wọ inú ọ̀pá yìí. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, sẹ́ńsọ̀ a ti gbóná, a sì ti máa sọ̀rọ̀.

Èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ epo olùkọ́ wa yéni. Bí amúgbóná kò bá ṣiṣẹ́, ọkọ̀ kò ní í tìtorí rẹ̀ dúró. Ìwọ̀n tí a ti kọ sí kọ̀ǹpútà lórí tẹ́lẹ̀ ni yóò kàn máa fi bu epo fún ẹ́ńjìnnì, títí ooru èéfín yóò fi mú sẹ́ńsọ̀ gbóná. Ẹni tí ó ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó lè má mọ ìyàtọ̀ kankan, nítorí pé kí ó tó jáde nílùú, ooru èéfín ti ṣe iṣẹ́ amúgbóná. Ṣùgbọ́n ní ti ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, tí ó sì ń dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, apá tí ó pọ̀ nínú ìrìn náà ni ẹ́ńjìnnì fi ń jẹun láìsí ẹni tí ń tọ́ oúnjẹ rẹ̀ wò. Ibẹ̀ ni epo ń gbà lọ.

Ó kù kí a gbọ́ èdè nọ́ńbà. Láti ọdún 1996 ni òfin ti mú un ní dandan ní Amẹ́ríkà pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ètò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yóò fi máa ṣọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí yóò sì máa fi nọ́ńbà kan náà dárúkọ àléébù kan náà, ilé-iṣẹ́ yòówù tí ó lè ṣe ọkọ̀ ọ̀hún. Ní Yúróòpù, ọdún 2001 ni ó di dandan fún àwọn ọkọ̀ tuntun tí ń lo bẹntiróòlù. Àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí sì ni ọ̀pọ̀ tọkunbọ̀ wa ti ń wá. Ìdí nìyí tí a fi ń bá sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò 16 pàdé lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wọn, níbi tí mẹkáníìkì ń ki ẹnu ẹ̀rọ ìṣàyẹ̀wò bọ̀.

Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní gírámà tirẹ̀. Lẹ́tà P dúró fún ẹ́ńjìnnì àti jíà. Òdo tí ó tẹ̀ lé e ń sọ pé nọ́ńbà àjọlò ni, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. P0135 ń tọ́ka sí amúgbóná sẹ́ńsọ̀ kìn-ín-ní, èyí tí ó wà ṣáájú kátálíìsì lójú ọ̀nà èéfín, ní apá ibi tí sílíńdà kìn-ín-ní wà. P0141 ń tọ́ka sí amúgbóná sẹ́ńsọ̀ kejì, tí ó wà lẹ́yìn kátálíìsì ní apá kan náà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìtumọ̀ wọn nìyí: ọ̀nà tí iná bátìrì ń gbà dé inú amúgbóná, tí ó sì ń gbà padà, ni nọ́ńbà náà dárúkọ. Kò wí pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Ó dà bí ìgbà tí ọmọdé kan sáré wọlé tí ó ní, ‘Ìjà ń bẹ ní Mọ́kọ́lá o!’ Ọmọ náà ti sọ ibi tí ìjà wà. Kò tíì sọ ẹni tí ó jẹ̀bi.

Àwọn wo ni ó wà lójú ọ̀nà yìí? Mẹ́rin ni wọ́n. Èkíní ni fíúsì, tí iná ń gbà kọjá láti ọ̀dọ̀ bátìrì. Èkejì ni àwọn wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó so gbogbo wọn pọ̀. Ẹ̀kẹta ni amúgbóná fúnra rẹ̀, tí ó wà nínú sẹ́ńsọ̀. Ẹ̀kẹrin ni kọ̀ǹpútà, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun ni aṣọ́bodè tí ń ṣí ọ̀nà fún iná láti padà sí ara irin ọkọ̀, tí ó sì ń tì í nígbà tí ó bá yẹ. Bí èyíkéyìí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kùnà, nọ́ńbà kan náà lè jáde. Mẹkáníìkì tí ó sáré ra sẹ́ńsọ̀ ti dá ẹnìkan lẹ́bi nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù kò tíì la ẹnu.

Ẹni kẹta tí olùkọ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ bá ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe iṣẹ́ rẹwáyà, èyíinì ni àtúnṣe iná ọkọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ṣe ni pé ó ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ ìṣàyẹ̀wò tán. Kì í ṣe P0135 nìkan ni ó wà níbẹ̀. P0141 wà lábẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ti rí ìlà kìn-ín-ní, kò sì dúró ka ìlà kejì. Àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Àkàìkàtán nọ́ńbà, owó olówó ní í run.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi ara rẹ̀ léèrè pé, báwo ni amúgbóná méjì tí ó wà ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí nǹkan kan tí àwọn méjèèjì jọ ń lò ti bàjẹ́. Ó wo àwòrán wáyà ọkọ̀ náà, ó sì rí i pé fíúsì kan ṣoṣo ni ó ń gbé iná fún amúgbóná méjèèjì. Ó yọ fíúsì náà wò. Ó ti já.

Ẹlòmíràn ì bá fi òmíràn sí i, ì bá gba owó, ì bá sì ní kí olùkọ́ máa lọ. Òun náà fi òmíràn sí i, ṣùgbọ́n ó dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Bí ó ti yí kọ́kọ́rọ́, fíúsì tuntun náà já. Fíúsì kì í ṣàdédé já. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó kú kí wáyà má baà jó. Bí ó bá kú lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí ó ń sọ ni pé níbì kan, iná ti rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà, tí ó ń bọ́ sára irin ọkọ̀ láì dé ibi iṣẹ́. Ǹjẹ́ inú amúgbóná ni ọ̀nà ẹ̀bùrú yìí wà, tàbí ara wáyà? Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tú sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ méjèèjì, kí wọ́n má baà sí lójú ọ̀nà mọ́, ó sì fi fíúsì kẹta sí i. Òun náà já. Lójú ẹsẹ̀ ni ẹjọ́ yí padà. Sẹ́ńsọ̀ ti kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ ìjà ń lọ. A jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ kọ́ ni ó ń jà.

Kí ó lè dá a lójú, ó béèrè sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ti yọ, èyí tí olùkọ́ jù sínú búùtù ọkọ̀. Nínú sẹ́ńsọ̀ oníwáyà mẹ́rin, wáyà méjì tí àwọ̀ wọn bára mu ni ti amúgbóná. Funfun ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ lára sẹ́ńsọ̀ Bosch; dúdú ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ lára sẹ́ńsọ̀ Denso. Ó fi ẹnu mítà kan méjèèjì, mítà sì ka óòmù 6. Bí amúgbóná bá ti já nínú, mítà kò ní í rí ọ̀nà kankan gbà. Bí ó bá sì ti kanra nínú, mítà yóò ka òdo tàbí ohun tí ó sún mọ́ ọn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìwọ̀n tí ó dára kì í kéré sí óòmù 2, kì í sì í ju nǹkan bíi 15 lọ, ṣùgbọ́n ìwé tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ kọ ni ó ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè fi òfin Ohm yẹ̀ ẹ́ wò: bí a bá fi óòmù 6 pín fóltì 12, ámpíà 2 ni yóò jẹ́, agbára rẹ̀ yóò sì jẹ́ wáàtì 24. Bí amúgbóná bá ti ń gbóná ni óòmù rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí iná tí ń gba inú rẹ̀ sì ń dín kù. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a wọ̀n ọ́n nígbà tí ó bá tutù.

Olùkọ́ wo sẹ́ńsọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sì mí kanlẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe é. Owó ìdánwò ọmọ ni ó fi ra ohun tí kò nílò.

Wọ́n gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n fi òpó irin tì í dáadáa, wọ́n sì dúró kí sàlẹ́ńsà tutù. Bí wọ́n ti ń tọ wáyà láti ibi sẹ́ńsọ̀ kejì lọ síwájú, wọ́n dé ibi tí ìdè tí ó so ó mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ti já. Wáyà ti rọ̀ sórí páìpù sàlẹ́ńsà, ooru ti yọ́ ìbòrí rẹ̀, bàbà inú rẹ̀ sì ń kan irin ní ìhòòhò. Nígbà náà ni olùkọ́ rántí pé òun ti gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn láti jó sàlẹ́ńsà tí ó lu. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà tú ìdè wáyà, kò sì dì í padà.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, bí fíúsì bá dára ńkọ́? Ọ̀nà ṣì wà. A ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀, a ó wo inú rẹ̀ bóyá omi ti wọ̀ ọ́, tí ìdípẹtà aláwọ̀ ewé ti bo bàbà rẹ̀. A ó yí kọ́kọ́rọ́, a ó sì fi mítà wọn apá sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ti ara ọkọ̀ wá. Ó yẹ kí ihò kan nínú méjèèjì tí ó jẹ́ ti amúgbóná ní iná tí ó sún mọ́ ti bátìrì. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ni iná yìí ń dé. Bí kò bá dé, wáyà tàbí fíúsì ni kí a tún wò. Bí ó bá dé, kí a so gílóòbù fóltì 12 kékeré kan mọ́ ihò méjèèjì, kí a sì ṣí ẹ́ńjìnnì. Bí gílóòbù bá tàn tàbí tí ó ń ṣẹ́jú, fíúsì, wáyà àti kọ̀ǹpútà ti jàre. Amúgbóná nìkan ni ó kù tí a ó bi léèrè ọ̀rọ̀. Bí kò bá tàn, a ó tọ wáyà ìpadà lọ sí ibi kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ni ẹni ìkẹyìn tí a gbọ́dọ̀ fura sí, nítorí pé òun ni ó wọ́n jù, òun sì ni kì í sábà jẹ̀bi.

Ní ti àtúnṣe, àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gé ibi tí wáyà ti jó, ó fi wáyà tí ó nípọn bákan náà rọ́pò rẹ̀, ó bò ó, ó sì dì í jìnnà sí páìpù. Lẹ́yìn èyí ni ó tó fi fíúsì mìíràn sí i. Iye ámpíà tí a kọ sí ojú ibi tí fíúsì ń wọ̀ ni èyí tí ó fi sí i ní. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí fíúsì bá ti ń já léraléra, wọn a fi èyí tí ó tóbi jù síbẹ̀, tàbí kí wọ́n fi wáyà lásán tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá dí ojú rẹ̀. Fíúsì bẹ́ẹ̀ kò ní í já mọ́, wáyà ni yóò jó, iná a sì lè ràn nínú ọkọ̀ tí bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó sí.

Bí ó bá jẹ́ pé amúgbóná ni ó jẹ̀bi lóòótọ́, kò sí àtúnṣe tí a lè ṣe sí inú rẹ̀. Odidi sẹ́ńsọ̀ ni a ó pààrọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí a fi epo tí ń tú ìdípẹtà sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó má gbóná débi tí yóò jó ọwọ́, kí a tó fi sípánà 22, èyí tí ó ní ojú fún wáyà láti gbà kọjá, tú u. Bí a bá fi agbára já a, ojú ihò tí ó wà lára sàlẹ́ńsà lè bàjẹ́, ìnáwó mìíràn sì dé. Gíríìsì tí ó bá sẹ́ńsọ̀ tuntun wá kò gbọ́dọ̀ kọjá ibi ìlọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ kan imú rẹ̀. A kò sì gbọdọ̀ fi òjé jó àwọn wáyà tí ó ti ara sẹ́ńsọ̀ jáde pọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ ni ó ń gba àárín wáyà yìí mí afẹ́fẹ́ ìta sínú. Lẹ́yìn tí a bá tún un ṣe tán, kí a pa nọ́ńbà rẹ́, kí ọkọ̀ tutù, kí a wa á lọ kí a wa á bọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí a tún kà á wò. Ìgbà tí nọ́ńbà kò bá padà wá ni iṣẹ́ tó parí.

Ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa iná náà fúnra rẹ̀. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì ṣí ẹ́ńjìnnì, iná ṣẹ́ẹ̀kì-ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti ṣí, ó gbọ́dọ̀ kú. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra tọkunbọ̀, tí ó yí kọ́kọ́rọ́ tí iná yìí kò tàn rárá, kí ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti yọ ojú rẹ̀ kí òtítọ́ má baà hàn. Bí iná náà bá tàn tí kò ṣẹ́jú, a lè rọra wa ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, epo ni kò jóná dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì, ó sì lè ba kátálíìsì jẹ́. Kí a dẹ ẹsẹ̀, kí a sì tètè dúró. Ẹni tí ó fi iná yìí sílẹ̀ ní títàn fún ọdún kan nítorí pé ‘amúgbóná lásán ni’ kò ní í mọ ọjọ́ tí àléébù mìíràn tí ó burú jù ú lọ yóò dé bá a, nítorí pé ojú kan náà ni gbogbo wọn fi ń ké.

Ìparí ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa nìyí. Owó fíúsì àti wáyà kò tó nǹkan. Owó iṣẹ́ ni ó pọ̀ díẹ̀ jù ú lọ, olùkọ́ sì san án tayọ̀tayọ̀. Ó ní láti lọ yá owó ìdánwò ọmọ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ì bá sì ti ta sẹ́ńsọ̀ kejì fún un ní ọjọ́ náà, nítorí pé nọ́ńbà P0141 wà níbẹ̀ tí ì bá fi ṣe ẹ̀rí, olùkọ́ kò sì mọ ohun tí yóò fi já a nírọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi wáyà tí ó jó han olùkọ́, ó sì pe àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n wá fi ọwọ́ kàn án.

Àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì yìí ni kí ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ máa rántí. Bí ọ̀gá wọn bá kọ́ wọn pé nọ́ńbà ni ìdájọ́, wọn yóò máa fi owó olówó ṣe ìdánwò títí ọjọ́ ayé wọn. Bí ó bá kọ́ wọn pé ẹ̀sùn ni nọ́ńbà, pé kí wọ́n kà á tán, kí wọ́n bi gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn léèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀, ó ti fún wọn ní iṣẹ́ tí kò ní í já wọn kulẹ̀. A kì í túmọ̀ gbólóhùn tí a kò kà tán. Bí òfin yìí ti rí nínú kíláàsì èdè ni ó rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.